Kí Ló Dé Tí Fíìmù Jàpáànì Yìí Ò Fọhùn? Àlàyé Fẹ́ni Tó Fẹ́ Wo Tokyo no yado

Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo bá ní kó wo fíìmù Jàpáànì àtijọ́ ni kì í wò ó jìnnà kó tó pa á tì. Wọ́n á ní kò sóhùn níbẹ̀, wọ́n á ní kámẹ́rà ò kúrò lójú kan, wọ́n á ní àwọn èèyàn inú ẹ̀ kàn ń rìn kiri ni, àwọn ò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì fi agídí wò ó parí á wá bi mí pé ṣé bó ṣe parí náà nìyẹn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i o, torí ká sòótọ́, àwọn nǹkan kan wà nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tẹ́nìkan ò bá là á yéèyàn, á kàn máa wò ó bọ̀ọ̀ ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe mú ẹyọ kan ṣoṣo, kí n ṣàlàyé ohun tó máa ń rúni lójú nínú ẹ̀. Tí èyí bá ti yé yín, àwọn tó kù nígbà yẹn ò ní le mọ́.

Fíìmù náà ni Tokyo no yado, ká sọ pé Ilé Ìsùn Kan ní Tokyo. Yasujiro Ozu ló darí ẹ̀, iléeṣẹ́ Shochiku ló gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1935, gígùn ẹ̀ ò ju bí ìṣẹ́jú 80 lọ. Màá sọ ìtàn náà tán pátá o, torí kì í ṣe fíìmù téèyàn ń wò tìtorí kó lè mọ ibi tó máa já sí.

Kihachi lorúkọ ọkùnrin tọ́rọ̀ dá lé lórí. Kò níṣẹ́, kò nílé, ìyàwó ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀, àwọn ọmọkùnrin méjì ló ń kó kiri. Zenko lorúkọ ẹ̀gbọ́n, àbúrò ẹ̀ ò tíì tó nǹkan rárá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn láti iléeṣẹ́ kan dé òmíràn ní agbègbè Koto, apá ìlà oòrùn Tokyo, níbi tílẹ̀ ti tẹ́ lọ pẹrẹsẹ, tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ ńláńlá, òpó wáyà àti pápá tí koríko ti hù lẹ pọ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá dé ẹnu géètì, bàbá á lọ bá ẹni tó ń ṣọ́ ọ sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ á jókòó dè é, bàbá á padà wá, kò síṣẹ́, wọ́n á tún gbéra. Tílẹ̀ bá ṣú, tí owó bá wà lọ́wọ́, wọ́n á wọ ilé ìsùn olówó pọ́ọ́kú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti jọ ń sùn sójú kan. Lẹ́nu ìrìn yìí náà ni wọ́n ti pàdé obìnrin kan tóun náà ń wáṣẹ́, Otaka, pẹ̀lú ọmọbìnrin ẹ̀ kékeré, Kimiko. Nígbà tó yá Kihachi bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ àtijọ́ kan pàdé, Otsune, obìnrin tó ń ta oúnjẹ, òun ló báa wáṣẹ́, nǹkan wá rọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n Otaka pòórá. Nígbà tí Kihachi máa rí i, ilé ọtí ló ti rí i, ó ń gbé ọtí fún àwọn ọkùnrin. Inú bí Kihachi, àfìgbà tó gbọ́ pé ìgbẹ́ ọ̀rìn ló ń ṣe Kimiko, ọmọ wà ní ọsibítù, owó ò sí. Kihachi lọ yáwó lọ́wọ́ Otsune, Otsune ò yá a. Ló bá lọ jalè, ó ní káwọn ọmọ ẹ̀ gbé owó náà fún Otaka, ó fà wọ́n lé Otsune lọ́wọ́, ó sì gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ fúnra ẹ̀.

Ó tán. Ó jọ pé ìtàn kékeré ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohùn, torí òun làwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí. Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ láti ọdún 1927, kó tó di 1930 wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èyí tí ò sọ̀rọ̀ tì pátápátá. Kí wá ló dé tí Ozu ṣì ń ṣe fíìmù tí ò fọhùn lọ́dún 1935? Àwọn kan máa ń rò pé Jàpáànì ò rí ẹ̀rọ ẹ̀ rà ni, tàbí pé wọn ò lajú tó, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Iléeṣẹ́ Shochiku yìí kan náà ti gbé fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ jáde lọ́dún 1931, Heinosuke Gosho ló darí ẹ̀, àwọn èèyàn sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Lóòótọ́, owó ńlá ni láti yí gbogbo ilé sinimá tó wà káàkiri ìlú padà, kékeré kọ́. Ozu fúnra ẹ̀ sì ti ṣèlérí fún Hideo Shigehara tó máa ń ya fíìmù fún un pé ẹ̀rọ ohùn tí Shigehara ń ṣe lọ́wọ́ lòun máa lò, òun ò ní lo tẹlòmíì, ó sì dúró dè é títí di 1936. Ṣùgbọ́n ìdí tó tóbi jù, tó sì jẹ́ pé ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ò lè mọ fíìmù Jàpáànì àtijọ́ rárá, ni àwọn tí wọ́n ń pè ní benshi.

Benshi ni ẹni tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n ń fi fíìmù hàn lára ẹ̀, tó máa ń fẹnu sọ fíìmù náà fáwọn èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Òun ló máa ń fọhùn fún ọkùnrin, fọhùn fóbìnrin, fọhùn fọ́mọdé, á sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tí ò lanu, á júwe ìlú tí wọ́n wà, tí fíìmù bá dé ibi ẹkún á mú ohùn ẹ̀ wálẹ̀, àwọn onílù àti onífèrè á sì máa ti ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí tí odidi àdúgbò bá péjọ wo fíìmù Índíà nílé ẹnì kan, tí ẹnìkan tó ti wò ó rí á wá máa túmọ̀ ẹ̀ fún gbogbo ilé, "ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, àbúrò ẹ̀ ni o, kò tíì mọ̀ ni", débi pé téèyàn bá lọ wo fíìmù yẹn fúnra ẹ̀ lẹ́yìn náà kò ní dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ gidi niṣẹ́ benshi, iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́, tó ń mówó wọlé, tó sì ń sọni dolókìkí. Musei Tokugawa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, àwọn èèyàn máa ń lọ sílé sinimá torí pé òun ló fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, fíìmù tí wọ́n fẹ́ fi hàn lè má fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ sísọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré ò sì ṣàjèjì sí wọn, torí nínú eré ọmọlangidi wọn tí wọ́n ń pè ní bunraku, tó ti pẹ́ gan-an kí sinimá tó dé, ẹnì kan ló máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táá máa fọhùn fún gbogbo ọmọlangidi.

Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ "fíìmù tí ò fọhùn", ẹ mọ̀ pé ní Jàpáànì ilé sinimá ò fìgbà kankan dákẹ́. Ohùn kún ibẹ̀. Fíìmù tẹ́ ẹ̀ ń wò lórí fóònù yín lónìí, ìdajì nǹkan ló wà lọ́wọ́ yín yẹn, ẹni tó ń sọ ìdajì yòókù ti kú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀, torí òun ló máa ń jẹ́ káwọn èèyàn ṣàṣìmú fíìmù wọ̀nyí, wọ́n á rò pé ẹni tó ṣe é ló fẹ́ kó pa lọ́lọ́ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni iṣẹ́ benshi ṣe wá parí? Ohùn ló pa á. Nígbà táwọn fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, àwọn onílé sinimá ò rí ìdí tí wọ́n á tún fi máa sanwó fún benshi mọ́. Lọ́dún 1932 àwọn benshi daṣẹ́ sílẹ̀ ní Tokyo, ìyẹn ò sì yí nǹkan padà. Ọ̀kan nínú àwọn tó kàn ni Heigo Kurosawa, ẹ̀gbọ́n Akira Kurosawa tó wá di olùdarí fíìmù ńlá lẹ́yìn náà. Heigo ló mú àbúrò ẹ̀ mọ sinimá. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì gba ẹ̀mí ara ẹ̀ lọ́dún 1933. Tẹ́ ẹ bá rántí pé ẹni tó ń fọhùn fún fíìmù náà lè di aláìníṣẹ́ ní ọ̀la, àtirí Kihachi tó ń rìn lọ sẹ́nu géètì á gba ọ̀nà míì lọ́kàn yín.

Tokyo no yado wà láàárín fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ àti èyí tí ò sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó fọhùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ músíìkì mọ́ fíìmù náà lára, irú èyí tí wọ́n ń pè ní saundo-ban nígbà yẹn. Torí náà músíìkì tẹ́ ẹ máa gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ohun táwọn kan lọ fi kún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù Ozu tó ṣáájú ẹ̀ ò ní, bíi Umarete wa mita keredo tọdún 1932, ìyẹn dákẹ́ porogodo ni, ẹ má lọ rò pé fóònù yín ló bàjẹ́. Ẹlòmíì máa ń fi orin tó wù ú sí i lábẹ́. Èmi ò fara mọ́ ọn, orin tí ò bá a mu máa ń ba ojú àwọn òṣèré náà jẹ́, ó sàn kó dákẹ́.

Ohun kejì ni bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ozu ní ètò kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀. Á fi ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ hàn yín, ẹnu ẹ̀ á máa mì, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tó sọ á jáde ní kíkọ, lẹ́yìn náà á tún padà sójú ẹni yẹn kan náà. Tó bá ti wá yé yín pé ẹni tó ṣáájú ọ̀rọ̀ tó sì tún kẹ́yìn ẹ̀ ló ni ín, ọ̀rọ̀ ò ní pọ̀ mọ́. Àmọ́ èyí tó máa ń dà wọ́n láàmù jù ni ibi tí wọ́n kọjú sí. Nínú fíìmù Amẹ́ríkà àtàwọn tiwa náà, tẹ́ni méjì bá ń sọ̀rọ̀, ìkan á máa wo apá ọ̀tún, ìkejì á máa wo apá òsì, ká lè mọ̀ pé wọ́n dojú kọra. Ozu ò ka òfin yẹn sí. Á gbé kámẹ́rà kọjá sódì kejì, àwọn méjèèjì á wá dà bíi pé apá kan náà ni wọ́n jọ ń wò, àfi bíi pé ẹnì kẹta wà níwájú wọn. Kì í ṣe àṣìṣe. Ó fẹ́ràn kí àwọn èèyàn inú fíìmù ẹ̀ jókòó bákan náà, kí wọ́n wo ibì kan náà. Ẹ wo Kihachi àtàwọn ọmọ ẹ̀ tí wọ́n bá jókòó sínú koríko, bí bàbá ṣe ká ẹsẹ̀ lọmọ ṣe ká a, bí bàbá ṣe fọwọ́ lérán náà lọmọ ṣe ṣe é. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọmọ yìí ń kọ́ ìyà látọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀, ojú wa ló rí i.

Lórí kámẹ́rà tó máa ń wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn máa ń sọ pé torí pé orí ẹní làwọn ará Jàpáànì máa ń jókòó sí ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́, torí nínú fíìmù yìí ìta gbangba ni wọ́n wà lọ́pọ̀ ìgbà, Ozu ò sì gbé kámẹ́rà ẹ̀ dìde. Ẹ wo ohun tíyẹn ṣe: sánmọ̀ á gba gbogbo ojú ibẹ̀, òpó wáyà á ga gogoro, àwọn mẹ́ta náà á wá kéré nísàlẹ̀. Àwọn àgbá onígi ràgàjì kan wà níbẹ̀, irú èyí tí iléeṣẹ́ máa ń wé wáyà iná mọ́, wọ́n tò wọ́n sínú pápá. Ẹ óò rí wọn léraléra. Àwọn ọmọdé sì ń ṣeré nídìí wọn. Nǹkan iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ jáńtìrẹrẹ, iléeṣẹ́ wà gbagbaagba níwájú wọn, bàbá yìí ò ṣáà ríṣẹ́. Ozu ò sọ ọ́ fún wa. Ó kàn ń dá kámẹ́rà padà sára àwọn àgbá yẹn ni.

Ẹ jẹ́ n wá mú yín wọnú ibi mélòó kan, torí ibẹ̀ ni fíìmù yìí ti mú mi lọ́kàn.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ajá. Ẹ óò rí i táwọn ọmọ yẹn ń lé ajá kiri, Zenko á sì máa sọ̀rọ̀ bíi pé ajá yẹn loúnjẹ. Àwọn kan ti bi mí bóyá wọ́n fẹ́ pa á jẹ ni. Rárá o. Àrùn dìgbòlugi ni wọ́n ń bá jà nígbà yẹn, ẹni tó bá mú ajá tí ò lólówó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá á gba owó díẹ̀, owó yẹn ni wọ́n fi ń jẹun. Nítorí náà, bí ajá bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ìrẹsì lọmọ yẹn rí.

Zenko wá rówó ajá kan gbà, ló bá fi ra fìlà. Fìlà tuntun, nígbà tí wọn ò tíì mọ ohun tí wọ́n máa jẹ lálẹ́! Bàbá ẹ̀ bínú, ọ̀pọ̀ tó ń wò ó náà máa ń bínú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọmọ yẹn lábẹ́ fìlà. Ọmọdé ni, ó ti ń ṣe àgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, òun ló ń tu bàbá ẹ̀ nínú tí wọn ò bá gbà á síṣẹ́, òun ló ń mú ajá. Ìgbà kan ṣoṣo tó ṣe ohun tọ́mọdé máa ń ṣe rèé. Ọmọ tó ṣe Zenko yìí, Tomio Aoki lorúkọ ẹ̀ gangan, láti ọdún 1929 ló ti ń bá Ozu ṣeré, àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n fún yẹ̀yẹ́ àti ìpáǹle. Ó ní láti ya àwọn tó wò ó nígbà yẹn lẹ́nu pé irú ọmọ yìí náà ló jókòó láìrẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ibì kejì ni oúnjẹ inú koríko. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n jókòó sínú pápá. Zenko wá dọ́gbọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọtí tí ò sí fún bàbá ẹ̀. Kihachi na ọwọ́ gba ife tí ò sí, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún, ó ṣe bí ẹni tí ọtí dùn mọ́. Àwọn ọmọ náà bu ìrẹsì tí ò sí, wọ́n ń jẹ. Ibẹ̀ ni àìsí ohùn ti ṣiṣẹ́ jù lọ nínú fíìmù yìí lójú tèmi, torí nínú fíìmù tí ò fọhùn, ife gidi àti ife irọ́ ò yàtọ̀ síra, ọwọ́ ló ń sọ méjèèjì. Ká ní fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ ni, à bá gbọ́ pé ọtí ò dà, à bá gbọ́ pé àwo ò ró. Níbí, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àwa náà jẹ ẹ́.

Ibì kẹta ni ẹrù. Gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé wà nínú ẹrù kan tí wọ́n fi aṣọ dì. Àwọn ọmọ méjèèjì wá ń jà sí ẹni tó kàn láti gbé e, ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ fún àbúrò, àbúrò ò gbé e, oníkálùkù ń lọ. Kí wọ́n tó padà síbẹ̀, ẹrù ti lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, owó tó kù lọ́wọ́ bàbá ò lè ra oúnjẹ kó tún gba ibi tí wọ́n máa sùn, ó ní káwọn ọmọ mú ọ̀kan. Wọ́n ní oúnjẹ. Yorùbá ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, òjò bẹ̀rẹ̀, kò síbi tí wọ́n máa forí pa mọ́ sí. Òjò yẹn náà ló gbé wọn pàdé Otsune, ṣùgbọ́n kó tó dé, Ozu jẹ́ kó pẹ́ tó láti dà wá láàmù.

Mo ti gbọ́ táwọn èèyàn ń sọ pé Kihachi ò mọ nǹkan ṣe, pé ó kàn ń rìn kiri ni, kí ló dé tí ò dáṣẹ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Jàpáànì kẹ́ ẹ tó dájọ́. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà wó lọ́dún 1929, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ra òwú sẹ́dà lọ́wọ́ Jàpáànì dáwọ́ dúró, owó sẹ́dà já wálẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tó gbára lé e sì kú sí i. Ìjọba wọn tún ti so owó ìlú mọ́ góòlù ní oṣù kìíní ọdún 1930, ó mú kí ọjà wọn wọ́n fún àwọn ará ìta lásìkò tó burú jù, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di òpin 1931. Iléeṣẹ́ ń lé èèyàn, àwọn tó wá láti abúlé ò rí nǹkan padà sí lábúlé, torí ìyàn mú ní ìhà àríwá lọ́dún 1931, ó tún mú ní 1934. Àwọn tó jáde yunifásítì gan-an ò ríṣẹ́, Ozu ti ṣe fíìmù lórí ìyẹn láti ọdún 1929, Daigaku wa deta keredo, orúkọ fíìmù yẹn di ohun tí gbogbo ìlú ń sọ lẹ́nu. Ní 1935 àwọn iléeṣẹ́ ti ń gbérí, pàápàá àwọn tó ń ṣe nǹkan ogun, torí Jàpáànì ti fi ogun wọ Manchuria ní ilẹ̀ Ṣáínà láti 1931. Ṣùgbọ́n kí iléeṣẹ́ gbérí àti kó gba Kihachi tó kó ọmọ méjì lẹ́yìn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ohun míì tún wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Fíìmù ò lè jáde ní Jàpáànì nígbà yẹn láìjẹ́ pé ìjọba wò ó, láti ọdún 1925 ni iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́lé ti gba iṣẹ́ yẹn sọ́wọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwọn ọ̀dọ́ kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1929, Prokino, tí wọ́n ń ya fíìmù nípa ìwọ́de àti ìyà àwọn òṣìṣẹ́, kò pé ọdún mélòó kan tí ọlọ́pàá fi tú wọn ká. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń wo Tokyo no yado tẹ́ ẹ̀ ń bínú pé kò sẹ́ni tó bú ìjọba níbẹ̀, kò sẹ́ni tó dáríjọ sẹ́nu géètì, ẹ rántí irú ilẹ̀ tí Ozu dúró sí. Ohun tó lè ṣe ló ṣe, ó fi géètì hàn, ó fi ẹni tí wọ́n lé hàn, ó fi hàn lẹ́ẹ̀kan sí i.

A dé ìparí tó máa ń fa àríyànjiyàn. Ozu ò fi olè jíjà náà hàn wá. A rí Kihachi ṣáájú, a rí i lẹ́yìn ẹ̀, àárín ló fò. Ẹni tí ojú ẹ̀ bá kúrò lórí fíìmù fún ìṣẹ́jú kan níbẹ̀ ò ní mọ ibi tówó ti wá, torí náà ẹ gbé fóònù kejì sílẹ̀ tó bá ti dé ibi tí Otsune ti ń sọ pé òun ò ní yá a lówó. Kí ló dé tó fi fò ó? Èrò tèmi ni pé ká ní a rí i níbi tó ti ń jalè, olè la máa wò. Níbi tó fò ó, bàbá tó ń dàgbere fáwọn ọmọ ẹ̀ la rí, tó ń wo ojú wọn nígbà tí wọn ò mọ nǹkan kan. Otsune náà wá mọ ìdí owó tí ò yá a nígbà tó ti pẹ́ jù. Àwọn kan ní ó dùn wọ́n pé ó fi ara ẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, wọ́n ní ó yẹ kó sá lọ ni. Ibo ló fẹ́ sá lọ? Bó bá sá, àwọn ọmọ á tún padà sójú títì. Bó ṣe lọ yẹn, wọ́n wà lọ́dọ̀ ẹni tó máa bọ́ wọn. Ọlọ́pàá tẹ́ ẹ máa rí níbẹ̀, Chishu Ryu ni, òun ló wá di bàbá arúgbó inú Tokyo Story, fíìmù Ozu tọdún 1953 tí gbogbo ayé mọ̀.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa sinimá máa ń gbé fíìmù yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ladri di biciclette ti Vittorio De Sica ní Ítálì, bàbá àti ọmọ tó ń rìn kiri ìlú torí iṣẹ́, bàbá tó wá jalè. Ọdún 1948 nìyẹn jáde. Ọdún 13 lẹ́yìn ti Ozu.

Ọ̀rọ̀ Yoshiko Okada tó ṣe Otaka náà ò ṣe é fi sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1938 òun àti olùdarí eré ìtàgé kan, Ryokichi Sugimoto, gba inú yìnyín erékùṣù Sakhalin kọjá ibodè wọ Soviet Union, wọ́n ń sá fún bí ìjọba ṣe ń mú àwọn kọ́múníìsì bíi Sugimoto. Àwọn Soviet mú wọn, wọ́n ní amí ni wọ́n. Wọ́n yìnbọn pa Sugimoto lọ́dún 1939, Okada lọ sẹ́wọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1972 ló tó tún fojú kan Jàpáànì, Moscow ló sì kú sí lọ́dún 1992. Nígbà tó jókòó sínú koríko nínú fíìmù yìí, tó ní òun ò ríṣẹ́, kò tíì ṣẹlẹ̀, ọdún méjì ó lé díẹ̀ ló kù.

Fẹ́ni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ẹ̀dà tó ní ìtumọ̀ sísàlẹ̀ tó yé yín, ẹ wò ó lójú gbọ̀ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá lè rí i, torí ojú fóònù kéré fún ohun tí ọwọ́ àwọn ọmọ yẹn ń ṣe. Tó bá parí, Dekigokoro tọdún 1933 ni kẹ́ ẹ mú tẹ̀ lé e, Takeshi Sakamoto tó ṣe Kihachi yìí náà ló wà níbẹ̀, ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀ díẹ̀, ẹ óò rí i pé Ozu ti mọ ọkùnrin yìí tipẹ́. Lẹ́yìn náà Yogoto no yume ti Mikio Naruse, 1933 kan náà, ìyá tó ń ṣiṣẹ́ nílé ọtí tí ọkọ ẹ̀ ò ríṣẹ́, Naruse máa ń jẹ́ kí kámẹ́rà sáré lọ bá ojú èèyàn, ẹ fi wé bí Ozu ṣe máa ń dúró sójú kan. Kẹ́ ẹ wá fi Hitori musuko tọdún 1936 kádìí ẹ̀, fíìmù onítàn àkọ́kọ́ tí Ozu ṣe tó ń sọ̀rọ̀, tí Shigehara sì fi ẹ̀rọ tirẹ̀ gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jọ ṣàdéhùn.